Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Ènìyàn Fi Kíkọ́ni ní Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀ Ṣe Iṣẹ́ Jẹun?

Ìfáárà

Bí ọdún ìkẹyìn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì bá ti ń súnmọ́lé, ìbéèrè kan ṣoṣo ni tẹbí tọ̀rẹ́ máa ń bi í: "Iṣẹ́ wo ni o fẹ́ ṣe?" Fún àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá, ìdáhùn tí wọ́n ń retí kò pọ̀: iṣẹ́ olùkọ́ ni, tàbí iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, tàbí iṣẹ́ ìjọba. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàrin wa tí ó jẹ́ pé bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ bá ti lù, pápá ìṣeré ni ọkàn wọn máa ń fà sí. Èmi náà wà lára wọn. Ó di ọdún kẹta báyìí tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Bàrígà ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí básíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tí ó wù mí ni pé kí n fi ṣe iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Bàbá mi, tí ó ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú láti ìgbà tí wọn kò tí ì bí mi, kò fara mọ́ ọn. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kì í ṣe àríyànjiyàn orí ahọ́n lásán.

Kí n má baà fa ọ̀rọ̀ gùn, n óò kọ́kọ́ sọ ibi tí mo dúró sí. Ní èrò tèmi, iṣẹ́ náà yẹ ní ṣíṣe, ṣùgbọ́n fún ẹni tí ó bá gbà pé iṣẹ́ olùkọ́ ni, tí ó sì ní ìwé ẹ̀rí tí yóò fi gbé ara rẹ̀ ró. Ẹni tí ó bá tìtorí òkìkí àti owó wọ inú rẹ̀, àbámọ̀ ni yóò kẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wá to ẹ̀rí jọ.

Kí ni à ń pè ní kóòṣì?

"Kóòṣì" ni àwọn ọmọ àdúgbò wa ń pe ẹni tí ń kọ́ wọn ní eré. Wọn kì í pè é ní "Tíṣà", bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í la orúkọ mọ́ ọn lórí. Àwọn oníròyìn Yorùbá ní tiwọn ń lo akọ́nimọ̀ọ́gbá. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ yìí wò, ọ̀rọ̀ ìṣe mẹ́ta ni a óò bá nínú rẹ̀: kọ́, mọ̀, àti gbá. Ó hàn gbangba pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni ó wà lọ́kàn ẹni tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀, nítorí a kì í gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Jíjù ni à ń jù ú, a sì ń lù ú mọ́lẹ̀. Síbẹ̀, ètò àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe náà kọ́ wa lọ́gbọ́n. Kọ́ ni ó ṣáájú, mọ̀ tẹ̀lé e, gbá ni ó wá kẹ́yìn. Èdè wa ti sọ ọ́ tán: olùkọ́ ni ẹni náà kí ó tó jẹ́ eléré.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga tí mo ń sọ níhìn-ín kò mọ sí yunifásítì nìkan. Àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa ní ìdíje tiwọn tí a ń pè ní NUGA, èyí tí ó ti wà láti àwọn ọdún 1960. Àwọn politẹ́kíníìkì ní NIPOGA. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ sì ní NICEGA. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ wà, tọkùnrin tobìnrin. Níbikíbi tí ikọ̀ bá sì wà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa kọ́ wọn.

Bí iṣẹ́ náà ti rí ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni eré yìí ti ṣẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni iṣẹ́ kóòṣì ti gbilẹ̀ jù ní yunifásítì. Olùkọ́ eré ìdárayá kan tí ń jẹ́ James Naismith ni ó dá a sílẹ̀ ní ìlú Springfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní oṣù Kejìlá 1891. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń kó èso ni ó gbé kọ́ sókè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń ju bọ́ọ̀lù sí. Ìdí nìyí tí orúkọ tí a fún un ní Yorùbá fi bá a mu rẹ́gí. Naismith fúnra rẹ̀ di kóòṣì ní Yunifásítì Kansas láti 1898 sí 1907. Ìdíje 55 ni ikọ̀ rẹ̀ borí, wọ́n sì pàdánù 60. Títí di òní, nínú gbogbo àwọn kóòṣì tí yunifásítì náà ti ní, òun nìkan ni iye tí ó pàdánù pọ̀ ju iye tí ó borí lọ. Ẹni tí ó dá eré sílẹ̀ kọ́ ni ó mọ̀ ọ́n borí jù!

Ṣùgbọ́n kí a má ti ibẹ̀ dájọ́. Phog Allen jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí Naismith kọ́ ní Kansas. Allen gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì di ìlúmọ̀ọ́ká níbẹ̀. Ikọ̀ rẹ̀ gba ife gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà ní 1952. Dean Smith wà nínú ikọ̀ ọdún náà. Smith di kóòṣì ní Yunifásítì North Carolina, ó lo ọdún 36 níbẹ̀, láti 1961 sí 1997, ó sì borí nínú ìdíje 879. Lábẹ́ Smith ni Michael Jordan ti kọ́ṣẹ́. Ẹ wo bí okùn náà ti gùn tó! Bí a bá fi iye ìdíje tí Naismith borí nìkan wọn iṣẹ́ rẹ̀, a óò ní ó kùnà. Bí a bá wá fi àwọn tí ó kọ́ wọ̀n ọ́n, ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀?

John Wooden náà wà níbẹ̀. Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó jẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kí ó tó dé Yunifásítì UCLA ní Los Angeles ní 1948. Ọdún 1964 ni ó tó gba ife àkọ́kọ́, lẹ́yìn sáà eré 16. Nígbà tí yóò fi fẹ̀yìn tì ní 1975, ife 10 ni ó ti gbà, síbẹ̀ owó ọdọọdún rẹ̀ kò tó dọ́là 40,000. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Lóde òní, nǹkan ti yí padà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, kóòṣì yunifásítì ni òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó oṣù rẹ̀ pọ̀ jù, ó ju ti gómìnà lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n yunifásítì tí ó wà ní ìpele gíga jù kò ju bí 360 lọ, àgbà kóòṣì kan ṣoṣo ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń gbà. Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ yóò máa ṣe olùrànlọ́wọ́ fún owó táṣẹ́rẹ́, yóò máa ti ìlú kan lọ sí ìlú kejì, bí ikọ̀ bá sì ń fìdí rẹmi, lílé ni wọn yóò lé ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ papọ̀. Láti oṣù Keje 2021 ni àwọn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì ti lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gba owó lórí orúkọ wọn, láti oṣù Keje 2025 sì ni àwọn yunifásítì ti lè máa san owó fún wọn tààràtà. Kóòṣì wá di ẹni tí ń dúnàá-dúrà ní ọdọọdún. Tony Bennett, tí ó gba ife fún Yunifásítì Virginia ní 2019, fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 2024, nígbà tí ó ku ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ kí sáà eré bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun kọ́ ni ó yẹ fún ipò tí eré náà wà mọ́. Ẹni tí ó ń wo owó Amẹ́ríkà láti Bàrígà gbọ́dọ̀ wo ẹ̀gún tí ó wà lára rẹ̀ pẹ̀lú.

Bí ó ti rí nílé

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Àkọkà. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀ ní 1962 ni òun àti Bàrígà ti ń bá ara wọn gbé, ògiri ni ó là wọ́n. Ọmọ tí ó bá dàgbà ní àdúgbò wa mọ̀ pé eré ìdárayá lè gbé ènìyàn dé ibi gíga. Ilé ẹ̀kọ́ St. Finbarr's tí ó wà ní Àkọkà níhìn-ín, tí Fadá Slattery dá sílẹ̀ ní 1956, ni Stephen Keshi ti jáde, ẹni tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 1994 gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù, tí ó sì tún gbà á ní 2013 gẹ́gẹ́ bí kóòṣì. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ìlẹ̀kùn wà.

Báwo ni kóòṣì ṣe ń jẹun ní yunifásítì wa? Ẹni tí wọ́n bá gbà síṣẹ́ gidi ní ẹ̀ka eré ìdárayá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe olùkọ́ni ní kíláàsì. Ètò owó oṣù wọn yàtọ̀ sí ti àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó ní ìgbéga, ó ní ìsinmi, ó sì ní owó ìfẹ̀yìntì tí òfin 2014 là sílẹ̀: òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8 nínú 100, ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ ń fi ìdá 10 kún un. Owó náà kò lè sọ ènìyàn di olówó, ṣùgbọ́n ó dúró. Ohun tí ó ń dunni ni pé irú ààyè bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí a ń pè ní kóòṣì ni ó jẹ́ pé owó àjẹmọ́nú lásán ni wọ́n ń gbà nígbà tí ìdíje bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ojú tèmi náà ti rí díẹ̀ níbẹ̀. Ilé ìwé aládàáni kan, tí n kò ní dárúkọ, ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọ wọn fún sáà méjì. Wọ́n san owó sáà kan. Ti sáà kejì di "ẹ padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀" títí di òní olónìí.

Ìṣòro kejì ni pé òpó ilé ẹni kì í sí lọ́wọ́ ẹni. Ní oṣù Kẹta 2022, Yunifásítì Èkó gba àwọn yunifásítì yòókù lálejò fún NUGA kẹrìndínlọ́gbọ̀n. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún náà ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà. Oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó wọlé. Nígbà tí eré parí, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í lò ju ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ lọ́wọ́ kóòṣì, oṣù mẹ́jọ sì lọ bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 kan náà, ìjọba àpapọ̀ kéde pé Nàìjíríà kò ní kópa nínú ìdíje bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ káàkiri àgbáyé fún ọdún méjì. Wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà ní oṣù Kẹfà, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́: ikọ̀ àwọn obìnrin wa, D'Tigress, ti pàdánù àyè wọn nínú ìdíje ife àgbáyé, Mali ni ó sì rọ́pò wọn. Iṣẹ́ ọdún púpọ̀ ni gègé kan pa rẹ́ yẹn.

Síbẹ̀, kò yẹ kí a torí èyí sọ pé kò sí ọ̀nà. Rena Wakama ti ṣe igbákejì kóòṣì ní Manhattan College ní New York kí ó tó gba àkóso D'Tigress. Ní 2023, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí ikọ̀ rẹ̀ gba ife AfroBasket. Ní ìdíje Olympics ti Paris ní 2024, ikọ̀ rẹ̀ ni ikọ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí ó wọ ìpele ikọ̀ mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn nínú bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Otis Hughley, tí ó ṣáájú rẹ̀, gba ife náà fún wa ní 2019 àti 2021; láti ibẹ̀ ni ó ti di àgbà kóòṣì ní Yunifásítì Alabama A&M ní 2022. Ogoh Odaudo kò sì kúrò nílé rárá: òun ni kóòṣì Rivers Hoopers nígbà tí wọ́n ṣe ipò kẹta nínú líìgì ilẹ̀ Áfíríkà ní 2024. Bí a bá wò ó, iṣẹ́ yunifásítì àti iṣẹ́ ikọ̀ orílẹ̀-èdè ń ta kókó ara wọn. Ẹni tí ó wà nínú ọ̀kan lè ti ibẹ̀ bọ́ sí èkejì.

Ọ̀gá, ọmọ iṣẹ́, àti òmìnira

Mo wá dé orí ìbéèrè bàbá mi, nítorí òun gan-an ni ó le jù. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti rìn kọjá ní òpópónà Ṣìpẹ̀olú mọ bí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti rí ní Ṣómólú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ a máa gé bébà, wọn a máa ka ìwé pọ̀, wọn a máa nu ẹ̀rọ Kord àti GTO, títí ọwọ́ wọn yóò fi mọ iṣẹ́. Ní ọjọ́ òmìnira, ẹbí yóò pé jọ, ọ̀gá yóò gbàdúrà, ọmọ iṣẹ́ yóò sì fi ìmoore hàn. Bàbá mi bi mí ní alẹ́ ọjọ́ kan pé: "Àwọn ọmọ tí o ń kọ́ yìí, ìgbà wo ni wọn óò gba òmìnira lọ́wọ́ rẹ? Bí wọ́n bá sì gbà á, kí ni yóò kàn ọ́ níbẹ̀?"

Ìbéèrè náà mú ọgbọ́n dání. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, FIFA ti ṣe é lófin láti 2001 pé nígbà tí ẹgbẹ́ kan bá ra agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mìíràn, ìdá 5 nínú 100 owó náà gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tí ó tọ́ ọ dàgbà láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Ní ti bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, bí ọmọ bá gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí Amẹ́ríkà, kò sí òfin tí ó ní kí kọ́bọ̀ kan padà sọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́ ọ.

Kò sí ẹni tí ó fi èyí hàn tó Hakeem Ọlájuwọ́n. Ọmọ Èkó ni, ọdún 1963 ni wọ́n bí i. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù ni ó kọ́kọ́ ń ṣe. Ó ti tó ọmọ ọdún 15 kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀, nígbà tí ó wà ní Muslim Teachers' College ní Èkó. Ganiyu Otenigbade, tí ó ń kọ́ni ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní Èkó, àti Oliver Johnson, ará Amẹ́ríkà tí ó ń ṣe kóòṣì nílẹ̀ wa, wà lára àwọn tí ọwọ́ wọn kọ́kọ́ kàn án. Christopher Pond, ará Amẹ́ríkà mìíràn tí ń kọ́ni nílẹ̀ Áfíríkà, ni ó ṣe ọ̀nà rẹ̀ lọ sọ́hùn-ún. Ní 1980, ó wọ Yunifásítì Houston. Lábẹ́ Guy Lewis, ikọ̀ náà dé àṣekágbá ní 1983 àti 1984. Ó gba ife NBA ní 1994 àti 1995. Gbogbo ayé ni ó mọ Ọlájuwọ́n. Mélòó nínú wa ni ó lè dárúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀lù lé e lọ́wọ́?

Ìdáhùn tí mo fún bàbá mi ni pé: "Bàbá mi, òótọ́ ni ẹ sọ pé kò sí owó òmìnira níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò padà wá kí yín, síbẹ̀ wọ́n ń tẹ̀wé káàkiri Èkó." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣùgbọ́n èmi ní ẹ̀rọ tèmi. Ìwọ ńkọ́?" Níbẹ̀ ni ojú mi ti là sí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí ó mú kí ọ̀gá lè fara da ọmọ iṣẹ́ aláìmoore ni pé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń jẹ́ kí ó jẹun. Kóòṣì tí kò ní ìwé ẹ̀rí, tí kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́, dà bí ọ̀gá atẹ̀wé tí kò ní ẹ̀rọ: ó mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú àánú ni yóò máa wò.

Èrè tí mo ti rí kì í ṣe ti owó. Òfin kan wà ní pápá wa pé ẹni tí kò bá lọ sílé ìwé ní òwúrọ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọkùnrin kan wà láti ìhà Ìlàjẹ létí ọ̀sà, tí ó máa ń pa ilé ìwé jẹ ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Nítorí bọ́ọ̀lù yìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lójoojúmọ́, ó sì jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde rẹ̀. Bóyá kò ní gbá bọ́ọ̀lù jẹun láéláé. Èmi kà á sí ìdíje tí mo borí.

Ìmọ̀ràn

Fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí iṣẹ́ yìí, ohun tí mo rí kó jọ nìyí:

(i) Kí ó gba oyè rẹ̀ tán. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí ó ní oyè nínú ẹ̀kọ́ Yorùbá tàbí ẹ̀kọ́ ìdárayá lè máa kọ́ni ní kíláàsì ní òwúrọ̀, kí ó sì máa kọ́ni ní pápá ní ìrọ̀lẹ́.

(ii) Kí ó gba ìwé ẹ̀rí kóòṣì. Ilé ẹ̀kọ́ National Institute for Sports wà ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, kò jìnnà sí wa. FIBA náà ní ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀.

(iii) Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò. Ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Bàrígà, Ṣómólú àti Rowe Park ní Yábàá kò ṣe aláìní ọmọ tí ó ń wá ẹni tí yóò kọ́ òun.

(iv) Kí ó gba àdéhùn lórí ìwé kí ó tó ṣiṣẹ́ fún ilé ìwé kankan. Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í dúró ní ọjọ́ ìsanwó.

(v) Kí ó fi ọdún díẹ̀ ṣe gbèdéke. Bí ó bá tó ọdún márùn-ún tí kò rí iṣẹ́ tí ó dúró, kí ó fi kíláàsì ṣe iṣẹ́ gidi, kí pápá wá di ti ìrọ̀lẹ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ó ku ti àwọn aláṣẹ wa. A kò lè máa retí àmì ẹ̀yẹ ní NUGA lọ́wọ́ ẹni tí a kò gbà síṣẹ́. Kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan ní kóòṣì tí ó ní owó oṣù àti owó ìfẹ̀yìntì, kí wọ́n sì máa kọ orúkọ ẹni tí ó kọ́ ikọ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ àwọn tí ó gba àmì ẹ̀yẹ.

Ìkádìí

Ohun tí mo ti ń fà yọ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ìwọ̀n tí a fi ń wọn olùkọ́ ni kí a fi wọn kóòṣì. Naismith pàdánù nínú ìdíje, ó borí nínú ọmọ. Ẹni tí ó bá lè fara mọ́ irú èrè bẹ́ẹ̀, tí ó sì ti wá ẹ̀rọ tirẹ̀ kí ó má baà máa tọrọ jẹ, iṣẹ́ yìí tọ́ sí i. Ẹni tí kò bá lè fara mọ́ ọn, kí ó máa bá wa wòran, kí ó sì máa pàtẹ́wọ́. Àwa náà nílò òǹwòran. Ní tèmi, mo ti gba fọ́ọ̀mù ti Sùúrùlérè, bàbá mi sì ti ní òun yóò bá mi san ìdajì owó rẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, yóò di odindi.